Orúkọ Lọ́tọ̀, Nọ́ńbà Lọ́tọ̀: Bí Ohùn 19 Ṣe Sọnù Mọ́ Mi Lọ́wọ́ Lórí Cloud

Owó, òwò, ọwọ́, ọ̀wọ̀, ọ̀wọ́, ọwọ̀. Kò sí ẹni tó gba ẹ̀ka wa kọjá tí kò mọ irú ìlà yìí. Olùkọ́ á kọ ọ́ sójú pátákó ní ọdún kìn-ín-ní, á ní kí a dìde kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì fi ohùn òkè sí ibi ohùn ìsàlẹ̀ á di ẹni ẹ̀rín títí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ á fi parí. Èmi náà kó irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú iṣẹ́ àṣekágbá mi lọ́dún yìí. Mo lọ bá ìyá ìyá mi ní Ìṣẹ́yìn, mo gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ 48, fáìlì kan fún ọ̀rọ̀ kan, mo sì kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí cloud kí ó má bàa sọnù. Nígbà tí mo padà lọ wò ó, fáìlì 29 ni mo bá níbẹ̀. Nínú mẹ́fà tí mo kọ sókè yìí, ọwọ̀ nìkan ló kù. Ọwọ̀ ti gbá àwọn yòókù dànù.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn tí mo ti sunkún tán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí kí ẹ lè bá mi kẹ́dùn ni mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti bi àwọn tí a jọ wà ní ọdún ìkẹyìn léèrè bí wọ́n ṣe ń sọ fáìlì ohùn tiwọn lórúkọ, ìdáhùn tí mo gbọ́ kò sì fi mí lọ́kàn balẹ̀. Èrò mi kò ju ẹyọ kan lọ: iṣẹ́ orúkọ yàtọ̀ sí iṣẹ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀, àwa sì ń fi orúkọ ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Bí ẹ̀ka wa kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ohùn àwọn àgbà tó wà lọ́wọ́ wa yóò máa lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ ọjọ́ tí wọ́n lọ.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀

Fóònù mi ni mo fi gba ohùn náà nígbà ọlidé. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ, pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà tó pé: oko.wav, ọkọ.wav, ọkọ́.wav, ọkọ̀.wav, ọ̀kọ̀.wav. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mí. Ojú á tì mí bí mo bá kọ ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, tí ẹlòmíì wá kà á sí ọkọ ìyàwó.

Ẹnìkan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà jù mí lọ ló sọ pé àwọn àmì yẹn máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ó fún mi ní ètò kékeré kan tó máa ń "fọ" orúkọ fáìlì kí ó tó gbé e gòkè: á yọ àmì ohùn, á yọ àmì abẹ́, á sọ lẹ́tà ńlá di kékeré. Mo fi í ṣiṣẹ́. Fáìlì márààrún tí mo dárúkọ yìí di oko.wav, wọ́n sì gòkè lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èyí bá dé, á jókòó sórí èyí tó ti wà níbẹ̀. Ètò náà kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ ní ìgbà 48 pé fáìlì ti gòkè, kò sì purọ́: gbogbo wọn gòkè lóòótọ́. Pé wọ́n ń gun ara wọn lórí ni kò sọ. Àyè inú fóònù mi ti kún, mo bá nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀bi mi ni. Ibi tí mo kó wọn sí ṣe ohun tó sọ pé òun máa ń ṣe gan-an. Èmi ni mi ò ka ohun tó sọ.

Korobá tó dà bí agboolé

Google Drive ló ti mọ́ ọ̀pọ̀ wa lára, òun ló sì ṣì mí lọ́nà. Lórí Drive, Google fúnra rẹ̀ ló ń fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánimọ̀, ìyẹn àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn tí kò ní ìtumọ̀ kankan tí ẹ máa ń rí nínú líǹkì. Orúkọ tí a ń rí lójú kàn dà bí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ara ìgò ni. Fáìlì méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà nínú fódà kan náà, kí wọ́n má sì di ara wọn lọ́wọ́. Ẹ lè yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mẹwàá, líǹkì tí ẹ ti fún èèyàn á ṣì máa ṣiṣẹ́.

Irú ibi ìkópamọ́ tí àwọn tó ń kọ́ ìkànnì àti àwọn tó ń tọ́jú àkójọ ńlá ń lò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Amazon S3, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2006, wà lára wọn. Google Cloud Storage àti Azure Blob Storage ti Microsoft náà wà níbẹ̀. Àpótí ńlá tí a ń kó nǹkan sí ni Amazon àti Google ń pè ní bucket, ìyẹn korobá. Orúkọ tí nǹkan ń jẹ́ nínú korobá ni wọ́n ń pè ní key, bí ẹni ń sọ pé kọ́kọ́rọ́. Orúkọ korobá pẹ̀lú key, ó parí: ohun tí S3 fi ń dá nǹkan mọ̀ nìyẹn. Kò sí nọ́ńbà mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, àfi bí ẹni tó ni korobá bá ti tan ohun tí wọ́n ń pè ní versioning, èyí tí yóò máa fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá korobá sílẹ̀ lórí S3, pípa ni versioning máa ń wà. Ẹ̀yin lẹ ó tàn án.

Ẹ jẹ́ ká fi agboolé wé e. Ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ wáyé, Àjàyí là ń pè é, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí. Bí Àjàyí bá wà ní ilé alágbẹ̀dẹ, tí Àjàyí mìíràn sì wà ní ilé onílù, kò sí ìjà. Bí wọ́n bá sì bí Àjàyí kejì sí ilé alágbẹ̀dẹ kan náà, a mọ ohun tí a máa ń ṣe: ọ̀kan á di Àjàyí àgbà, èkejì á di Àjàyí kékeré. Kò sí agboolé tí Àjàyí àkọ́kọ́ ti máa ń pòórá lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ èkejì. Nínú korobá tí wọn ò tan versioning rẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Àjàyí tuntun á wọlé, ti àtijọ́ á lọ, kò sì sẹ́ni tí yóò béèrè bóyá a mọ̀ pé ẹnìkan ti wà níbẹ̀.

Bákan náà, kò sí fódà nínú korobá. Bí ẹ bá rí iseyin/iya-agba/oko.wav, orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ìlà tó dà gẹ̀rẹ̀ yẹn kò yàtọ̀ sí lẹ́tà yòókù. Ojú ẹ̀rọ ló ń ya fódà fún wa kí ara lè tù wá. Yíyí orúkọ padà kò sì rọrùn. Nínú irú korobá tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò lórí S3, ẹ̀dà tuntun ni ẹ ó ṣe sábẹ́ orúkọ tuntun, ẹ ó wá pa ti àtijọ́ rẹ́. Gbogbo líǹkì tó ń tọ́ka sí ti àtijọ́ á kú lọ́jọ́ náà.

Orúkọ korobá fúnra rẹ̀ tún le ju ìyẹn lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀, inú àpò orúkọ kan náà ni àwọn oníbàárà S3 káàkiri ayé ti ń mú orúkọ: bí ẹnìkan ní Jámánì bá ti mú imo-eda-ede, àwa kò lè mú un mọ́. Orúkọ náà kò gbọdọ̀ dín ní lẹ́tà 3, kò gbọdọ̀ ju 63 lọ. Lẹ́tà kékeré láti a dé z, nọ́ńbà, ìlà kékeré tó ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ àti àmì ìdánudúró nìkan ló gbà. Kò gba ẹ, kò gba ọ, kò gba ṣ, ká má tilẹ̀ sọ ti àmì ohùn. Ìdí rẹ̀ ni pé orúkọ korobá máa ń di ara àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì, òfin àtijọ́ tó de àdírẹ́sì yẹn ló sì bí 63. Ọgbọ́n kan wà tí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì fi ń gbé lẹ́tà àwọn èdè mìíràn: wọ́n á yí i padà sí àwọn lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn--. Amazon ti ilẹ̀kùn yẹn náà. Orúkọ korobá kò gbọdọ̀ fi xn-- bẹ̀rẹ̀. Ti Azure tún há jù bẹ́ẹ̀: orúkọ àkáǹtì ìkópamọ́ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 24 lọ, kò sì gba ju lẹ́tà kékeré àti nọ́ńbà lọ.

Ẹ wo bí Amazon ṣe ń kọ orúkọ korobá ní kíkún: arn:aws:s3:::imo-eda-ede. Àmì kólọ̀nù mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí orúkọ agbègbè àti nọ́ńbà àkáǹtì wà ni wọ́n fi sílẹ̀ lófo, torí pé orúkọ nìkan tó. Àwa tí a ti jókòó ní kíláàsì gírámà mọ̀ pé ibi tó ṣófo nínú ìhun lè ní ìtumọ̀. Ìtumọ̀ tibí ni pé orúkọ ló ru gbogbo ẹrù. Bí ẹ bá sì pa korobá rẹ́, orúkọ náà á padà sọ́jà. Ẹlòmíì lè mú un, líǹkì tó wà nínú iṣẹ́ àṣekágbá yín á wá máa gbé àlejò lọ sílé onílé.

Ṣé kí a ṣáà máa fi àmì ohùn sí i?

Nígbà tí mo sọ fún alábòójútó iṣẹ́ mi, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ta ló ní kí o yọ àmì?" Ìbéèrè wọn tọ̀nà. Key kò dà bí orúkọ korobá. Ó gba lẹ́tà èdè gbogbo, bí gbogbo rẹ̀ kò bá ti ju báìtì 1,024 lọ. Báìtì 3 ni owo láìlámì, báìtì 11 ni ọ̀wọ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n àyè ṣì wà dáadáa. Ká ní mo fi àwọn fáìlì mi sílẹ̀ bí mo ṣe kọ wọ́n, gbogbo 48 ni ì bá pé síbẹ̀. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tí èmi náà ń wàásù kiri họ́sítẹ́ẹ̀lì nìyẹn: ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì, ó tán.

Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló pa mí lẹ́nu mọ́, láìmọ̀. Inú korobá kan náà ni èmi àti ẹ̀ ń kó fáìlì sí. Lọ́jọ́ kan mo ṣí i, mo rí ọ̀wọ̀.wav méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo wò wọ́n títí, mi ò rí ìyàtọ̀. Èyí tí òun gbé wá ni ọ̀kan, tèmi ni èkejì.

Ìyàtọ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ló ń rí i. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà àwọn èdè ayé, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. À àti á náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní. Ńṣe là ń tò ó pọ̀. Fóònù ẹlòmíì á kọ ọ, á wá fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé e lórí. Ti ẹlòmíì á kọ o lásán, á fi àmì sábẹ́ rẹ̀, á tún fi àmì lé e lórí. Ti ẹlòmíì á kọ ò, á wá fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ojú rí ọ̀kan, kọ̀ǹpútà rí mẹ́ta. Unicode fúnra rẹ̀ gbà pé ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ní ọ̀nà tí a fi ń tò wọ́n sí ìrísí kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní NFC. Ti ẹni tó ń fi ìlà kékeré tó dúró gbọnrangandan sábẹ́ lẹ́tà, dípò àmì róbótó, ni Unicode kò kà mọ́ wọn. Amazon S3 ní tirẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni tò ó. Báìtì ló ń wò. Bí báìtì bá ti yàtọ̀, orúkọ yàtọ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, yíyọ àmì sọ mẹ́fà di ọ̀kan, fífi àmì sí i sì sọ ọ̀kan di méjì. Àmì kọ́ ló jẹ̀bi. Iṣẹ́ tí a gbé fún orúkọ ni kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Nígbà àkọ́kọ́, mo kọ orúkọ Ìyá Àgbà àti ti agboolé wọn mọ́ key. Key máa ń hàn nínú líǹkì. Ẹni tí kò láṣẹ láti ṣí fáìlì náà á ṣì ka orúkọ wọn lára líǹkì tí a fi ránṣẹ́ sí i. Ìyá Àgbà gbà kí n gba ohùn wọn sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Wọn ò ní kí n kọ orúkọ wọn sára ilẹ̀kùn.

Orúkọ, oríkì àti matric nọ́ńbà

Ẹ wo ara yín. Bí mo bá dé Ìṣẹ́yìn, Àyìnkẹ́ ni Ìyá Àgbà ń pè mí, bí wọ́n bá sì ti pè mí bẹ́ẹ̀, mo ti gbàgbé ohun tó ń bí mi nínú. Ní kíláàsì, orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni ẹ̀yin ń pè. Lórí ìwé ìdánwò, mi ò gbọdọ̀ kọ èyíkéyìí nínú méjèèjì; matric nọ́ńbà mi ni wọ́n ń béèrè. Mi ò tíì rí ẹni tó sunkún rí pé matric nọ́ńbà òun kò ní ìtumọ̀. Àìnítumọ̀ yẹn gan-an ni àǹfààní rẹ̀. Mo lè lọ́kọ kí n yí orúkọ padà, wọ́n lè kọ orúkọ mi láìsí àmì, a sì lè jẹ́ mẹ́ta nínú kíláàsì kan tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Nọ́ńbà náà kò ní yẹ̀. Kò sì sẹ́ni tí yóò fi matric nọ́ńbà kì mí lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Kálukú ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Orúkọ Yorùbá máa ń sọ̀rọ̀. Babátúndé ń sọ ìtàn ilé, Abíọ́nà ń sọ ibi tí wọ́n bí ọmọ sí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tó bá ń sọ̀rọ̀ sì lè ṣì sọ, pàápàá nínú irú iṣẹ́ tiwa. Ẹ rò ó wò: nígbà tí mo kọ ọkọ́ sára fáìlì, kí ni mo kọ síbẹ̀? Ìtúpalẹ̀ mi ni. Ohùn tó wà nínú fáìlì ni ẹ̀rí, orúkọ tí mo fún un ni èrò mi nípa ẹ̀rí náà. Alábòójútó mi gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn fáìlì tó kù, wọ́n ní ohùn ìsàlẹ̀ ni àwọn gbọ́ níbi tí mo kọ òkè sí. Bóyá àwọn ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí orúkọ bá jẹ́ àdírẹ́sì, mi ò lè tún èrò mi ṣe láìkó ẹrù kúrò nílé. Kò yẹ kí àtúnṣe ìtúpalẹ̀ kan sọ ẹ̀rí di àwátì.

Kì í ṣe àwa la ó kọ́kọ́ ṣe èyí. DOI tí a máa ń kọ sí òpin ìwé ìtọ́kasí wa ní gbogbo sẹ́mẹ́sítà, èyí tó ń fi 10 bẹ̀rẹ̀, irú rẹ̀ ni. Àpilẹ̀kọ lè kúrò lórí ìkànnì kan bọ́ sí òmíràn, atẹ̀wétà lè yí orúkọ padà, nọ́ńbà náà á ṣì wà bó ṣe wà.

Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀ka wa pé kí a jọ fọwọ́ sí nìyí:

1. Kí ohùn kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé ní nọ́ńbà lásán, bí ohun-000417.wav. Kí a má fi ìlú, ọdún, tàbí orúkọ ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀. Bí a bá pa ohùn kan rẹ́, kí a má fún òmíràn ní nọ́ńbà rẹ̀ láéláé.

2. Kí ìwé àkójọ kan wà níbi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ti ní orúkọ Yorùbá rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì, ní ìrísí NFC, àti ọjọ́, ìlú, ẹni tó gbà á sílẹ̀, àti ohun tí ẹni tó sọ̀rọ̀ gbà láyè. Kí ẹni tó sọ̀rọ̀ náà ní nọ́ńbà tirẹ̀.

3. Kí a tan versioning kí fáìlì àkọ́kọ́ tó wọlé. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, a tún lè sọ fún S3 pé kí ó kọ fáìlì tuntun sílẹ̀ bí orúkọ rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀. Kí a sọ fún un.

4. Kí a ka iye tó lọ, kí a ka iye tó dé, kí a gbọ́ díẹ̀ nínú wọn, kí ẹnikẹ́ni tó nu ohunkóhun lórí fóònù rẹ̀. Èyí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Òun nìkan ì bá ti gbà mí.

Àtakò tó dùn mí jù

Ọ̀rẹ́ mi kan ka ohun tí mo kọ, ó ní, "Ìwọ náà ti gbà fún wọn. Ẹ lé èdè wa kúrò nínú orúkọ korobá, ẹ tún fẹ́ lé e kúrò nínú key." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Èmi náà kò fẹ́ràn pé ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní ohùn Yorùbá kò lè sọ korobá rẹ̀ ní ìmọ̀-ẹ̀dá-èdè pẹ̀lú àmì tó pé. Imo-eda-ede tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa, ẹni tí kò mọ ilé wa kò lè kà á.

Síbẹ̀, ibi tó yẹ ká ti jà kọ́ nìyẹn. Ká jà fún pátákó ìtẹ̀wé tó ń kọ ọ̀ bákan náà lórí gbogbo fóònù. Ká jà fún ibi ìṣàwárí tí yóò rí ọ̀wọ̀ fún wa, ọ̀nà yòówù kí a gbà tẹ̀ ẹ́, tí kò sì ní kó ọwọ̀ àti owó wá bá wa. Ká jà kí orúkọ tí èèyàn ń rí lójú jẹ́ Yorùbá tó pé. Àdírẹ́sì kì í ṣe ojú tí a fi ń rí èdè wa. Bí a bá gbé ẹrù ìdánimọ̀ kúrò lórí orúkọ, ìgbà yẹn ni orúkọ á ráyè jẹ́ orúkọ: a lè kọ ọ́ bó ṣe yẹ, a lè tún un ṣe, kò sì sí ohùn tí yóò tìtorí rẹ̀ sọnù.

Ibi tí àbá mi ti mẹ́hẹ ni pé bí ìwé àkójọ náà bá sọnù, ohun-000417 di ọmọ òrukàn. Kò sẹ́ni tí yóò mọ ohun tó jẹ́ láìgbọ́ ọ. Nítorí náà, kí ìwé àkójọ wà nínú korobá pẹ̀lú àwọn ohùn, kí a sì máa tẹ̀ ẹ́ síta sórí pépà lọ́dọọdún fún yàrá ìkàwé ẹ̀ka. Ohun kan sì tún kù tí kò ní í ṣe pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rárá. Kí ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ kọ́kọ́ la ẹnu, kí ó sọ nọ́ńbà, ọjọ́, ìlú àti ọ̀rọ̀ tó fẹ́ gbà. Ohùn náà á máa gbé orúkọ rẹ̀ sẹ́nu kiri. Kò sí ètò kankan tó lè bá a yọ àmì orí rẹ̀.

Mo padà lọ sí Ìṣẹ́yìn láti tún 19 yẹn gbà. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Àyìnkẹ́, odidi ohùn tí mo fún ọ, ibo lo gbé e sí?" Wọ́n jókòó, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò gbà wá tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Owó pé, òwò pé, ìgbà pé, igbá pé.

Ṣùgbọ́n nígbà àkọ́kọ́, tí mo ní kí wọ́n sọ ọkọ̀, wọn ò dúró sórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n bọ́ sórí ìtàn ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ bọ́lẹ̀kájà lọ sí Ìbàdàn, tí wọ́n gbé ẹrù aṣọ òfì lé itan, àti ohun tí dẹ́rẹ́bà sọ fún ìyá tiwọn lójú ọ̀nà. Mi ò tẹ́tí sí i dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mò ń wá, mo sì ń wo bátìrì fóònù mi. Mo rò pé mo máa gbọ́ ọ nígbà tí mo bá délé. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sọ ọkọ̀, wọ́n sì dákẹ́. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ ẹ̀ wá sọ ti bọ́lẹ̀kájà yẹn." Wọ́n wò mí. "Mo ti sọ ìyẹn fún ọ."

Òótọ́ ni, wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Oko.wav ló ń jẹ́. Bí ẹ bá ṣí oko.wav lónìí, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ni: ọ̀kọ̀, ọ̀kọ̀, ọ̀kọ̀.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra àtilọ gba ohùn sílẹ̀, àti ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde tí kásẹ́ẹ̀tì àti fáìlì àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí yín, ẹ máa kó wọn bọ̀. A ó gbé wọn gòkè. Ṣùgbọ́n kí a tó gbé e, kí a fún un ní nọ́ńbà.